“Leal sí Ta?” Ìdáhùn Lórí Ọ̀rọ̀ Ìṣòótọ́ Nínú Èdè Scots Àtijọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Aberdeen ní Scotland ni mo wà, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe. Ìyá kan wà lára àwọn tí mò ń tọ́jú, ó ti lé ní 90 ọdún. Bó bá ti ń sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ tó ti kú, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń fi kádìí ẹ̀: leal. Mo wá a lórí fóònù, wọ́n ní loyal ló ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ojú tí ìyá yìí fi ń sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ti loyal tí ọ̀gá ń kọ sínú ìwé ẹ̀rí òṣìṣẹ́. Ṣé bí a ṣe ń pe èèyàn ní ọmọlúàbí ni? Ṣé àwọn èèyàn yìí tiẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan láyé àtijọ́ fún ẹni tí inú rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ bára mu?

Ìdáhùn: O kú iṣẹ́, àbúrò. Kí n tó tú ẹrù, ìdáhùn kúkúrú rèé: rárá, leal kọ́ ni ọmọlúàbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé wọn ò jìnnà síra. Ọmọlúàbí gba gbogbo ìwà èèyàn pọ̀: ìkíni, ìtìjú, sùúrù, bó ṣe ń jókòó láàárín àwọn àgbà. Leal kò bìkítà bóyá èèyàn mọ̀ ọ́n kí. Ohun kan ṣoṣo ló ń béèrè: nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀, ṣé o wà níbi tí o ti sọ pé wàá wà? Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tó jẹ́ leal lè kún fún ẹ̀jẹ̀. Màá dé ibẹ̀.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ èdè tí à ń sọ. Scots kì í ṣe Gaelic àwọn ará orí òkè. Ọmọ ìyá Gẹ̀ẹ́sì ni, láti inú èdè tí àwọn ẹ̀yà Angle mú wá sí ìhà àríwá erékùṣù náà. Inglis ni àwọn tó ń sọ ọ́ fúnra wọn ń pè é títí di apá ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún. Gavin Douglas, akéwì tó padà di bíṣọ́ọ̀bù, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tẹnu mọ́ ọn pé Scottis ni òun ń kọ, nígbà tó parí ìtumọ̀ ewì Virgil, akéwì Róòmù àtijọ́, ní 1513. Fi orúkọ Gavin yìí sọ́kàn, a óò tún pàdé rẹ̀ lójú pópó. Scots àtijọ́ tí àwọn onímọ̀ ń wí ni gbogbo èyí tí wọ́n kọ kó tó di nǹkan bí 1700. Nígbà yẹn, kì í ṣe èdè ọjà àti oko nìkan. Òun lọba fi ń ṣòfin, òun ni wọ́n fi ń ro ẹjọ́.

Ilé ẹjọ́ yẹn gan-an ni leal ti wá. Legalis ti àwọn ará Látìnì, ohun tó bá òfin mu, ló di leial lẹ́nu àwọn Faransé. Ọ̀rọ̀ kan yìí wá gba ọ̀nà mẹ́ta wọ erékùṣù náà: legal, loyal, leal. Àwọn akọ̀wé Scots kọ ọ́ bó ṣe wù wọ́n, lele, leil, leill, nítorí kò sẹ́ni tó ń ti ẹnikẹ́ni nítorí sípẹ́lì. Bí wọ́n bá ní leill man lẹnì kan nígbà yẹn, wọn kò fi dandan sọ pé onínúure ni. Wọ́n ń sọ pé ẹ̀rí rẹ̀ ṣe é gbà, pé bí wọ́n bá ní kó gbé ọwọ́ lé Ìwé Mímọ́ kó búra, adájọ́ lè fi ìbúra rẹ̀ dá ẹjọ́. Ìwà tí leal ń yọrí sí ni wọ́n ń pè ní lawté, tàbí leawte, tàbí lawtie.

Ibi tí lawté ti dún jù lọ, ìlú rẹ ni. Ní nǹkan bí 1375, àlùfáà àgbà kan ní Aberdeen, John Barbour, kọ ewì gígùn kan nípa Robert Bruce, ọba Scotland, àti ogun tí wọ́n bá àwọn ará England jà. Nígbà tó fẹ́ sọ irú ẹni tí James Douglas, balógun Bruce, jẹ́, kò fi agbára bẹ̀rẹ̀. Ó ní ju ohun gbogbo lọ, lawté ni Douglas fẹ́ràn. Ó wá fi ìlà méjì yìí tì í lẹ́yìn:

And but leawte may nane haiff price
Quhether he be wycht or he be wys.

Ṣọ́ra fún but yẹn, ó ti gbé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ṣubú, èmi náà wà níbẹ̀. Kì í ṣe “ṣùgbọ́n” níbí, “láìsí” ni. Quh ni wọ́n fi ń kọ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi wh kọ, wycht sì ni alágbára. Ohun tó ń wí ni pé láìsí lawté, kò sẹ́ni tó níyì, ì báà jẹ́ akínkanjú, ì báà jẹ́ ọlọ́gbọ́n. Ó tún fi kún un pé níbi tí lawté bá ti yẹ̀, kò sí ìwà rere mìíràn tó lè jẹ́ kí a pe èèyàn ní ẹni rere, pẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lápá ìparí ewì náà, nígbà tí Douglas ti kú, Barbour fi í wé Fabricius ará Róòmù. Dókítà ọba Pyrrhus, tó ń bá Róòmù jagun, yọ́ wá bá Fabricius. Ó ní òun lè fún ọba òun ní májèlé jẹ, kí ogun sì tán. Fabricius kọ̀. Dípò kó gba ọ̀fẹ́, ó ránṣẹ́ sí ọ̀tá rẹ̀ pé kó ṣọ́ dókítà inú ilé rẹ̀. Ó kórìíra ọ̀tẹ̀ débi pé kò fẹ́ kí wọ́n ṣe é kódà sí ẹni tó ń lé òun kiri.

Ó dára, ṣé o ti ń fọkàn yàwòrán ẹni pẹ̀lẹ́ kan? Wo Douglas kan náà ní nǹkan bí 1307. Àwọn ọmọ ogun England ló wà nínú ilé olódi bàbá rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Douglas àti àwọn èèyàn rẹ̀ sì fi aṣọ àgbẹ̀ bora, wọ́n kọlù wọ́n nínú ilé Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà wọ́n wọ ilé olódi, wọ́n jókòó jẹ oúnjẹ ọ̀sán tí wọ́n ti sè sílẹ̀ de àwọn tí wọ́n pa. Ohun tí wọn ò lè gbé lọ, wọ́n dà á sílẹ̀ nínú yàrá ìkóúnjẹsí: ìyẹ̀fun, àlìkámà, wọ́n fọ́ àgbá wáìnì sórí ẹ̀, wọ́n wá bẹ́ orí àwọn tí wọ́n mú lẹ́rú sáàárín rẹ̀. Wọ́n da iyọ̀ àti òkú ẹṣin sí kànga kí wọ́n tó sun ilé náà. “Yàrá oúnjẹ Douglas” ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe ọjọ́ yẹn. Barbour sọ ìtàn yìí tán, kò sì gbà pé ó ba lawté Douglas jẹ́.

Ibí yìí ni mo ti jáwọ́ nínú ọmọlúàbí gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀. Ọmọlúàbí kankan ò ní jókòó jẹun lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Tí o bá fẹ́ rí ìbátan lawté nínú èdè wa, wo ìdàkejì rẹ̀: ọ̀dàlẹ̀. Àwa náà mọ̀ pé àwọn kan mulẹ̀, pé ilẹ̀ gbọ́, pé ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Lawté ni àìdalẹ̀. Ó ní ẹni tí o bá mulẹ̀, ó sì ní ẹni tó wà lóde ìmùlẹ̀ náà. Èyí tó wà lóde, Ọlọ́run ló ń ṣọ́ ọ.

Douglas fi èyí hàn dé òpin. Bruce kú ní oṣù kẹfà 1329. Kó tó kú, ó ní kí wọ́n gbé ọkàn òun lọ bá àwọn tí kì í ṣe onígbàgbọ́ jà, torí òun ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ ìrìn àjò kan tí òun ò lè lọ mọ́. Douglas ni wọ́n yàn. Ó gbé ọkàn ọba sínú àpótí kékeré, ó fi kọ́ ọrùn, ó sì kú sójú ogun nítòsí Teba ní Spéìn ní 1330. Wọ́n gbé ọkàn náà padà wálé, Melrose ni wọ́n sin ín sí. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá ti fi ẹnu sọ fún ẹni tó ń kú lọ, gbèsè ni.

Lẹ́yìn ìgbà Barbour, lawté wọ orí ìwé, àwọn agbẹjọ́rò sì so ó mọ́ èdìdì. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún àti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, àwọn ọkùnrin máa ń fọwọ́ síwèé sí ọ̀dọ̀ olóyè tó lágbára jù wọ́n lọ. Manrent ni wọ́n ń pe àdéhùn náà, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló ṣì wà títí dòní. Ọ̀rọ̀ inú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra: èmi lágbájá yóò jẹ́ leill and trew man and servand sí ọ. Mi ò ní gbọ́ tàbí rí ohun tó máa pa ọ́ lára kí n má kìlọ̀ fún ọ. Bí o bá béèrè ìmọ̀ràn, màá fún ọ ní èyí tó dára jù tí mo ní. Bí o bá sọ àṣírí fún mi, màá bò ó. Lápapọ̀, wọ́n á yọ ìtẹríba fún ọba sọ́tọ̀, kí àdéhùn má baà di ọ̀tẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹsẹ̀ ìmọ̀ràn yẹn jù. Kì í ṣe pé kó máa sọ “bẹ́ẹ̀ ni, olúwa mi” ni ó fi jẹ́ leal. Ó gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún olóyè rẹ̀ bí wọ́n bá bi í. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá lónìí ni kò ní fọwọ́ sí irú rẹ̀.

Ẹni tó bá búra tí kò mú un ṣẹ, mansworn ni. Má jẹ́ kí ojú tàn ọ́: kò sí ọkùnrin kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Mān tó wà níwájú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àtijọ́ fún ìwà ibi, ìyẹn ìbúra èké. Bí o bá pe èèyàn ní mansworn lójú ọjà, o ti fi ìjà lọ̀ ọ́, torí ẹni tí orúkọ yẹn bá lẹ̀ mọ́, wọn ò ní gba ẹ̀rí rẹ̀ mọ́, kò sì ní rí ẹni tá a láwìn.

Wàyí o, ìbéèrè rẹ kejì: ẹni tí inú àti ẹnu rẹ̀ bára mu. Ọ̀rọ̀ náà wà. Òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Afald ni, wọ́n sì ń kọ ọ́ ní aefald tàbí aefauld. Ae ni “kan”, fald ni ìṣẹ́po, bí ìgbà tí a bá ṣẹ́ aṣọ po. Afald ni aṣọ tí a kò ṣẹ́ po, ojú kan ṣoṣo ló ní, kò sí inú kan tó bò mọ́lẹ̀. Ẹni afald kì í ṣe ẹlẹ́nu méjì. Barbour tiẹ̀ fi í pe Ọlọ́run nígbà tó ń parí ewì rẹ̀: afald God in trinyte, Ọlọ́run tó jẹ́ ìṣẹ́po kan nínú mẹ́talọ́kan. Wo bó ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré: mẹ́ta ni, síbẹ̀ kò ṣẹ́ po. Ìyàtọ̀ afald sí leal rèé: o gbọ́dọ̀ jẹ́ leal sí ẹnì kan, ṣùgbọ́n o lè jẹ́ afald bí ìwọ nìkan tiẹ̀ jókòó sínú yàrá.

Ìtàn kan wà tí mo máa ń sọ bí wọ́n bá bi mí pé kí ni òdì-kejì afald. Ní 30 oṣù kẹrin 1520, ìdílé Hamilton àti ìdílé Douglas tí wọ́n ń bá ara wọn jà kóra wọn jọ sí Edinburgh, gbogbo ìlú mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn. Gavin Douglas ọ̀rẹ́ wa, tó ti di bíṣọ́ọ̀bù Dunkeld, lọ bá James Beaton, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Glasgow, tó wà lápá Hamilton. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wọn dá ìjà dúró. Gẹ́gẹ́ bí òpìtàn Robert Lindsay ti Pitscottie ṣe kọ ọ́ nígbà tó yá, Beaton fọwọ́ lu àyà, ó ní ẹ̀rí ọkàn òun jẹ́rìí pé òun ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ibi tó ti lu àyà, irin dún. Ó wọ ẹ̀wù ogun sábẹ́ aṣọ àlùfáà! Gavin wò ó, ó ní: olúwa mi, ẹ̀rí ọkàn yín ò dáa o, mo gbọ́ tó ń clatter. Nínú Scots, clatter ni kí irin máa dún gbàràgàdà, òun náà sì ni kí ẹnu máa rojọ́ kiri, kó máa tú àṣírí. Ọ̀rọ̀ kan, ó bá a níbi méjì. Aṣọ àlùfáà ní ojú kan, abẹ́ rẹ̀ ní òmíràn, irin ló sì tú u fó. Ìjà náà ṣẹlẹ̀, àwọn Douglas borí, Beaton sì sá wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Gavin yìí kan náà ni kò jẹ́ kí wọ́n pa á.

“Ìgbálẹ̀ pópó” ni wọ́n ń pe ìjà ọjọ́ yẹn, torí wọ́n gbá ara wọn kúrò lórí causey, ọ̀nà tí wọ́n fi òkúta tẹ́. Causey yìí náà wà nínú òwe wọn kan: òótọ́ ló máa ń rìn ní crown of the causey. Láti mọ adùn rẹ̀, o ní láti mọ bí ọ̀nà wọn ṣe rí. Àárín ọ̀nà ga, ó gbẹ. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ sílẹ̀, ibẹ̀ ni omi ìdọ̀tí ń gbà, ibẹ̀ sì ni wọ́n ń da ohun tó wà nínú póò alẹ́ sí láti ojú fèrèsé. Ẹni tí kò ní ohun tó ń bò, àárín ni yóò gbà, kí gbogbo ayé rí i. Ẹni tó ń yọ́ rìn ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, o mọ ohun tó ń sá fún, o sì mọ ohun tó máa dà lé e lórí.

Honest ńkọ́? Kíákíá: má gbà á ní “olóòótọ́” bí o bá rí i nínú ìwé àtijọ́ wọn. Ẹni iyì ló sábà máa ń jẹ́, ẹni tó rí bó ṣe yẹ láàárín ẹgbẹ́. Aṣọ lè jẹ́ honest, ìsìnkú lè jẹ́ honest. Ó pẹ́ kó tó wá sórí òtítọ́ nìkan. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Ayr ṣì ń jẹ́ The Honest Men di òní, láti inú ewì Robert Burns ni, Burns sì ti kọjá àkókò tí à ń sọ.

Ẹnì kan wà tí kò yẹ kí n fò: Robert Henryson, olùkọ́ ní Dunfermline ní apá ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ó pa àlọ́ kan nípa àgùntàn tí ajá pè lẹ́jọ́ nítorí ìṣù búrẹ́dì kan. Ìkookò ni adájọ́, ẹyẹ ìwò ló lọ jẹ́ ìpè fún àgùntàn, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni akọ̀wé, àṣá àti igún ni agbẹjọ́rò. Gbogbo ìlànà pé pérépéré. Àgùntàn pàdánù, ó ta irun ara rẹ̀ láti san owó búrẹ́dì tí kò jẹ, ó sì padà sí pápá ní ìhòòhò nígbà òtútù. Ìyẹn ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ìtàn leal láti ilé ẹjọ́. Inú Látìnì kan náà ni legal àti leal ti jáde. Nínú àlọ́ Henryson, gbogbo nǹkan tí wọ́n ṣe jẹ́ legal, kò sì sí leal kan nínú wọn.

Bí o bá sì fẹ́ rí bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe kan mẹ̀kúnnù, ìlú rẹ lọ́rọ̀ wà. Ìwé àkọọ́lẹ̀ ìlú Aberdeen bẹ̀rẹ̀ láti 1398, UNESCO sì fi í sí ara ohun ìrántí ilẹ̀ Britain ní 2013. Látìnì àti Scots ló wà nínú rẹ̀, púpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ gbèsè, ìjà, èébú. Bí ẹnì kan bá ba orúkọ ẹlòmíràn jẹ́, owó ìtanràn nìkan kò tó lójú wọn. Ó ní láti tọrọ àforíjì níwájú gbogbo ìlú. Lẹ́yìn àtúnṣe ẹ̀sìn 1560, ìgbìmọ̀ ìjọ ló wá ń ṣe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ káàkiri Scotland. Wọ́n á ní kí abanijẹ́ dìde nínú ìjọ, kó sì bá ahọ́n ara rẹ̀ wí ketekete: “Ahọ́n èké, irọ́ lo pa.” Fojú inú wò ó: aládùúgbò rẹ tí o pè ní olè lọ́jà jókòó ní ìjókòó iwájú, ìwọ ń bá ahọ́n rẹ sọ̀rọ̀ bí ọmọ tó ya pòkíì.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo dárúkọ yìí wà nínú ìwé atúmọ̀-èdè Scots àtijọ́ tí William Craigie dá sílẹ̀. Ìdìpọ̀ 12 ni, 1931 ni apá àkọ́kọ́ jáde, 2002 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ tí o máa tẹ̀ ni DSL, ìyẹn Dictionaries of the Scots Language. Tẹ lele, kì í ṣe leal, bí o bá fẹ́ rí èyí tó dàgbà jù.

Ní ti ìyá yẹn, má túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un. Lọ́jọ́ tó bá tún sọ pé leal lọkọ òun, bi í pé sí ta. Mo fura pé kò ní dá orúkọ ara rẹ̀ nìkan. Ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́ kan tó kú sómi, ó lè jẹ́ àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, ó lè jẹ́ arákùnrin kan tí gbogbo ẹbí ti kọ̀ sílẹ̀. Kọ orúkọ náà sílẹ̀, kí o sì kọ̀wé sí mi.